Ìkìlọ̀ fún gbogbo onílé ní Òṣogbo: ẹ ṣọ́ra fún púlọ́ńbà tó ń ta ìwé àyẹ̀wò mọ́ iṣẹ́ rẹ̀

Ẹ̀yin onílé, ẹ̀yin tó ń kọ́lé lọ́wọ́, àti ẹ̀yin ọmọ Òṣogbo tó wà lókè òkun tó ń fowó ránṣẹ́ kí wọ́n lè bá yín kọ́lé, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín gbọ̀ngbọ̀n. Ọkùnrin kan wà tó ń lọ káàkiri àwọn ibi tí ilé tuntun ti ń dìde nílùú wa, láti apá Òkè-Baálẹ̀ títí dé ọ̀nà Gbọ̀ngán, tó ń pe ara rẹ̀ ní púlọ́ńbà tó gba àṣẹ ìjọba. Ó ń sọ fún àwọn onílé pé nínú owó kan ṣoṣo tí wọ́n bá san fún òun, òun yóò ri páìpù, òun yóò gbẹ́ sọ́kàwéè, òun yóò gba ìwé àṣẹ iṣẹ́ omi jáde, òun yóò sì mú òṣìṣẹ́ ìjọba wá láti yẹ iṣẹ́ náà wò. Ìwé tó ń kó fún wọn kò ti ọ̀dọ̀ ìjọba wá, kò sì sí àyẹ̀wò kankan tí wọ́n ṣe. N kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà ti dé ọ̀dọ̀ àwọn ọlọ́pàá. Ọ̀nà tó ń gbà lu àwọn èèyàn ní jìbìtì ni mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ dájú, torí pé bí wọ́n bá mú un lónìí, ẹlòmíràn lè gbé irú rẹ̀ dé lọ́la.

Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé ládùúgbò wa, ipò yìí ló sì jẹ́ kí ìwé méjì pàdé lórí tábìlì mi. Màmá kan, opó, tó ń parí ilé tí olóògbé ọkọ wọn fi sílẹ̀, ló ni ọ̀kan. Èkejì jẹ́ ti ọ̀gbẹ́ni kan tó ń gbé ní Houston ní Amẹ́ríkà, tí àbúrò rẹ̀ ń bójú tó ilé fún un. Àmì ìjọba ìpínlẹ̀ wà lókè ìwé méjèèjì, òǹtẹ̀ róbótó aláwọ̀ àlùkò sì wà nísàlẹ̀. Nígbà tí mo tẹ́ wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, mo rí i pé nọ́ńbà rísíìtì kan náà ló wà lórí méjèèjì. Owó tí wọ́n san kò dọ́gba, oṣù tí wọ́n san án kò dọ́gba, ilé wọn kò sí ní àdúgbò kan náà, síbẹ̀ nọ́ńbà náà kò yàtọ̀, àbàwọ́n tàdáwà kékeré kan sì wà lórí òdo tó gbẹ̀yìn lára méjèèjì, ní ibi kan náà gẹ́lẹ́. Mo fi omi ra ìka, mo fi kan òǹtẹ̀ náà. Òǹtẹ̀, ìbuwọ́lùwé àti lẹ́tà tó wà lábẹ́ wọn ló jọ pò pọ̀, èyí tó fi hàn pé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan ló tẹ gbogbo rẹ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan náà, kò sẹ́ni tó fi ọwọ́ lu òǹtẹ̀ kankan. Ọjọ́ tí wọ́n kọ sórí ìwé màmá sì bọ́ sí Sátidé, ọjọ́ tí ọ́fíìsì ìjọba ní Abẹ́rẹ̀ kì í ṣí.

Bó ṣe ń ṣe é nìyí. Kì í lọ bá ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbẹ́ ìpìlẹ̀. Ìgbà tí wọ́n bá ti kan páànù tán, tí bíríkìlà ń múra àtirẹ́ ilé, tí ara onílé sì ti wà lọ́nà láti kó wọlé, ló máa ń yọjú, torí ó mọ̀ pé ẹni tí owó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lọ́wọ́ rẹ̀ kò fẹ́ gbọ́ pé nǹkan kan tún fẹ́ dá òun dúró. Ó máa ń múra dáadáa, ó sì máa ń gbé fáìlì dání. Nínú fáìlì náà ni ìwé Trade Test kan, ìyẹn ìwé ẹ̀rí ìdánwò iṣẹ́ ọwọ́, wà tí wọ́n fi ọ̀rá bò, àwòrán àwọn ilé tó ní òun ti ṣiṣẹ́ sí, àti fọ́ọ̀mù oríṣiríṣi. Yóò ní láti ìsinsìnyí lọ, ilé tí kò bá ní ìwé àṣẹ iṣẹ́ omi lọ́tọ̀, ìjọba yóò tì í pa. Yóò ní òun mọ ọ̀gá kan. Yóò wá dá iye lé e, iye náà yóò sì dín díẹ̀ sí ohun tí ẹni tó mọ iṣẹ́ ń gbà fún iṣẹ́ ọwọ́ nìkan. Ibẹ̀ gan-an ló yẹ kí ara ti fu èèyàn, nítorí kò sí bí ẹnì kan ṣe lè ra páìpù, kó san owó àwọn ọmọṣẹ́, kó tún san owó ìjọba, kí gbogbo rẹ̀ sì kéré sí owó iṣẹ́ lásán, àfi bí ọ̀kan nínú wọn kò bá sí níbẹ̀ rárá.

Fún àwọn tó wà lókè òkun, ọ̀rọ̀ tó ń bá wọn sọ tún yàtọ̀. Ó sọ fún ọ̀gbẹ́ni ti Houston lórí fóònù pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é lọ́hùn-ún náà ni òun ń ṣe é níhìn-ín. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ ọ̀gbẹ́ni náà létí, torí pé lóòótọ́, ní Houston, púlọ́ńbà tó ní láísẹ́ǹsì ọ̀gá ló sábà máa ń bá onílé gba ìwé àṣẹ iṣẹ́ omi lọ́dọ̀ ìlú, òṣìṣẹ́ ìlú yóò sì wá wo páìpù kí wọ́n tó bò ó mọ́ ògiri. Ohun tí ẹlẹ́tàn náà kò sọ ni pé ìlú Houston kọ́ ló ń fún púlọ́ńbà ní láísẹ́ǹsì. Ìgbìmọ̀ kan tí ìpínlẹ̀ Texas gbé kalẹ̀ ló ń fún wọn, ẹnikẹ́ni ló sì lè lọ wo orúkọ púlọ́ńbà nínú àkọsílẹ̀ ìgbìmọ̀ náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀tọ̀ ni ẹni tó ń fún un ní láísẹ́ǹsì, ọ̀tọ̀ ni ìlú tó ń fún un ní àṣẹ iṣẹ́ tó sì ń rán olùyẹ̀wò wá, púlọ́ńbà kì í sì í yan olùyẹ̀wò fún ara rẹ̀. Ọkùnrin yìí ti kó gbogbo rẹ̀ sábẹ́ fìlà ara rẹ̀. Ẹ̀yin tó wà lọ́hùn-ún, ẹ mọ ètò yìí ju bí a ṣe mọ̀ ọ́n níhìn-ín lọ. Bí ẹ kò bá ní gbà á lọ́wọ́ púlọ́ńbà ní Houston, ẹ má ṣe gbà á lọ́wọ́ púlọ́ńbà ní Òṣogbo.

Nílé wa níbí, ìwé àṣẹ ìkọ́lé wà, òfin ló sì gbé e kalẹ̀. Òfin ìfètòsílùú orílẹ̀-èdè yìí, tí wọ́n ṣe ní ọdún 1992, sọ pé ẹni tó bá fẹ́ kọ́lé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba àṣẹ, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ sì sọ ọ́ ní ọdún 2003 pé ọwọ́ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni ọ̀rọ̀ ìfètòsílùú wà. Kóòdù ìkọ́lé orílẹ̀-èdè, tó jáde ní ọdún 2006, ka iṣẹ́ omi àti ti ẹ̀gbin mọ́ ohun tó yẹ kó wà nínú àwòrán ilé. Ìyẹn ni pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ló ti yẹ kí ọ̀rọ̀ páìpù àti sọ́kàwéè wà nínú àwòrán tí ẹ gbé lọ sí ọ́fíìsì ìfètòsílùú. Bí ẹnikẹ́ni bá wá bá yín nígbà tí ilé ti dé òrùlé, tó ní ìwé àṣẹ kan ṣì ṣẹ́kù tó jẹ́ pé òun nìkan ló lè bá yín gbà á, ọ́fíìsì tó fún yín ní àṣẹ àkọ́kọ́ ni kí ẹ lọ bi léèrè kí ẹ tó yọ kọ́bọ̀.

Ìwé Trade Test tó ń fi hàn káàkiri kò gbọdọ̀ rú yín lójú. Ìwé ẹ̀rí tó níyì ni Trade Test, bẹ́ẹ̀ náà ni ti NABTEB, àjọ tó ń ṣe ìdánwò iṣẹ́ ọwọ́, ìwé tí èèyàn lè yẹ̀ wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì bóyá òótọ́ ni. COREN, ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó iṣẹ́ onímọ̀ ẹ̀rọ ní Nàìjíríà, náà ń forúkọ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ sílẹ̀, títí kan àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ wọn. Mo bọ̀wọ̀ fún ẹni tó bá ní èyíkéyìí nínú wọn, torí ó fi hàn pé wọ́n dán ọwọ́ rẹ̀ wò, ó sì yege. Ṣùgbọ́n kò sí èyí tó sọ púlọ́ńbà di olùyẹ̀wò ilé, kò sì sí èyí tó fún un lágbára láti gba owó fún ìjọba. Ọ̀pọ̀ púlọ́ńbà olóòótọ́ ló wà nílùú yìí, àwọn tí iṣẹ́ wọn ti lé ní ogún ọdún láìjò, ọ̀rọ̀ ọkùnrin yìí sì ń dun àwọn náà, torí pé orúkọ iṣẹ́ wọn ló ń bà jẹ́.

Màmá kò tètè gbà fún un. Wọ́n ní àwọn yóò kọ́kọ́ rò ó ná. Kò bá wọn jà, kò sì bínú. Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà ni ọkùnrin méjì gun ọ̀kadà dé, wọ́n wọ káákì, káàdì ìdánimọ̀ sì wà lọ́rùn wọn. Wọ́n ní wòlé-wòlé ni àwọn. Wọn kò yọjú wo kànga, wọn kò béèrè ibi tí ìdọ̀tí ń lọ, wọn kò wọ ẹ̀yìnkùlé rárá. Ọ̀dà pupa ni wọ́n fi kọ àmì sára ògiri iwájú, wọ́n ní kí iṣẹ́ dúró, àfi bí màmá bá lè fi ìwé àṣẹ iṣẹ́ omi hàn láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Kí wọ́n tó lọ, wọ́n ní púlọ́ńbà kan wà tó mọ bí wọ́n ṣe ń rí i gbà, orúkọ ọkùnrin yìí ni wọ́n sì dá. Ẹ̀rù ba màmá. Wọ́n yá owó lọ́dọ̀ àwọn ẹlẹ́gbẹ́ àjọ wọn, wọ́n sì fi ránṣẹ́ sí àkáǹtì ẹnì kan ṣoṣo, tí kì í tilẹ̀ ṣe orúkọ púlọ́ńbà náà ló wà lórí rẹ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ ka ibi yìí. Iṣẹ́ wòlé-wòlé ti pẹ́ nílẹ̀ Yorùbá, ó sì wúlò púpọ̀. Ọ̀dọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ ni ẹ ti máa rí wọn, Òṣogbo tàbí Ọlọ́rundá, gẹ́gẹ́ bí ibi tí ilé yín bá bọ́ sí. Bí wọ́n bá rí ohun tó lè kó àrùn bá aráàlú, wọn yóò kọ ọ́ sínú ìwé, wọn yóò sọ ohun tí wọ́n rí àti ìgbà tó yẹ kí ẹ ti tún un ṣe, bí ẹ kò bá sì ṣe é, ilé-ẹjọ́ ni wọ́n ń gbé ọ̀rọ̀ náà lọ. Iṣẹ́ wọn kò kan kí wọ́n júwe púlọ́ńbà fún yín. Àwọn tó ń fi ọ̀dà pupa kọ àmì sára ilé tí kò ní àṣẹ, òṣìṣẹ́ ìfètòsílùú ni wọ́n. Ẹni tó bá da iṣẹ́ méjèèjì pọ̀ mọ́ ara wọn lójú yín, ẹ béèrè orúkọ ọ́fíìsì rẹ̀ àti orúkọ ọ̀gá rẹ̀, kí ẹ sì mú ọ̀nà ibẹ̀ pọ̀n lọ́jọ́ náà. Òṣìṣẹ́ tòótọ́ kò ní bínú pé ẹ fẹ́ wá sí ọ́fíìsì òun.

Owó tó lọ dùn mí, ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú ògiri dùn mí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ tí wọ́n ní àyẹ̀wò ń bọ̀, gbogbo ohun tí wọ́n ṣe kò ju pé wọ́n fa omi sínú táǹkì, wọ́n ṣí ẹnu ẹ̀rọ kan ní ilé ìdáná, omi yọ, wọ́n sì bu ọwọ́ lùwé. Ìyẹn kò fi nǹkan kan hàn. Báà ni wọ́n fi ń wọn bí omi ṣe ń ti páìpù tó. Mítà mẹ́wàá omi ló ń mú agbára báà kan wá, nítorí náà táǹkì tó wà lórí ìdúró tó ga ní mítà mẹ́fà kò lè fi ju nǹkan bíi 0.6 báà ti páìpù tó wà nísàlẹ̀. Ojú ìsopọ̀ tí kò lẹ̀ dáadáa lè gba ìyẹn mọ́ra fún oṣù mélòó kan. Ìgbà tí onílé bá wá gbé ẹ̀rọ tó ń ti omi sí i, tí ilé ti kún fún èèyàn, ni yóò tó ṣí, inú ògiri ni yóò sì ti máa jò.

Bí wọ́n ṣe ń yẹ páìpù wò ni pé wọ́n á dí gbogbo ẹnu rẹ̀ pa, wọ́n á fi pọ́ǹpù ọlọ́wọ́ ti omi sínú rẹ̀ títí agbára náà yóò fi dé ìlọ́po kan àtààbọ̀ èyí tí ilé yóò máa lò, wọ́n á sì fi í sílẹ̀ fún wákàtí kan ó kéré tán, kí ẹ̀yin náà máa wo géèjì, ìyẹn aago tó ń fi agbára omi hàn. Bí ọwọ́ géèjì bá ń sọ̀kalẹ̀, ó ń jò níbì kan, kí wọ́n sì wá ibẹ̀ rí. Kí bíríkìlà tó rẹ́ ògiri, kí wọ́n tó lẹ táìsì, ni wọ́n ń ṣe èyí. Púlọ́ńbà tó bá ń kánjú pé kí wọ́n tètè rẹ́ ògiri kí ẹnikẹ́ni tó wo páìpù, ohun kan wà tí kò fẹ́ kí ẹ rí.

Ní ilé màmá, ògiri tó wà láàárín ilé ìwẹ̀ àti yàrá ti wú, ọ̀dà sì ti ń ṣí lára rẹ̀. Púlọ́ńbà mìíràn tí ẹgbẹ́ wa mú wá fọ́ ibẹ̀ níṣojú wa. Páìpù tí a bá níbẹ̀ kò ní orúkọ ilé-iṣẹ́ lára, kò ní ìwọ̀n, kò ní àmì kankan. Púlọ́ńbà náà fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, ó sì tẹ̀ wọnú. Níbi tí wọ́n ti so ó pọ̀, gọ́ọ̀mù wà ní ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ̀gbẹ́ kejì gbẹ. Páìpù tó dára máa ń ní orúkọ ẹni tó ṣe é, bó ṣe fẹ̀ tó àti agbára tó lè gbà lára, èyí tí wọ́n bá sì ṣe ní Nàìjíríà yẹ kó ní àmì MANCAP ti SON, àjọ ìjọba tó ń rí sí i pé ọjà dára tó bó ṣe yẹ. Ẹ ka ohun tó wà lára páìpù kí wọ́n tó gé e, kí ẹ sì ya àwòrán rẹ̀ pamọ́.

Ti sọ́kàwéè ló tún burú jù, torí kò mọ sí ọ̀dọ̀ onílé nìkan. Ìlànà tí àwọn onímọ̀ ìmọ́tótó ń tẹ̀ lé ni pé kí sọ́kàwéè jìnnà tó mítà 30 ó kéré tán sí kànga tàbí bọ́hòlù, kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì fi mítà kan àtààbọ̀ ga ju ibi tí omi ilẹ̀ wà lọ. Plọ́ọ̀tì kan tí wọ́n ń tà nílùú wa sábà máa ń jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 50 sí 100, ìyẹn nǹkan bíi mítà 15 sí 30. Gbogbo gígùn plọ́ọ̀tì kan ni mítà 30 yẹn gbà. Bí ẹ bá gbẹ́ kànga síwájú tí ẹ sì gbé sọ́kàwéè sẹ́yìn, kànga ẹni tó kọ́lé sẹ́yìn yín ńkọ́? Ìdí nìyí tó fi yẹ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n dúró lórí ilẹ̀ náà fúnra rẹ̀, kó na okùn ìwọ̀n, kó wo ibi tí ilẹ̀ dà sí, kó sì béèrè ibi tí kànga àwọn aládùúgbò wà, pàápàá ní àwọn ibi tó rẹlẹ̀ lẹ́bàá odò Ọ̀ṣun, níbi tí omi kì í jìnnà sí ojú ilẹ̀ lásìkò òjò. Ní ilé ọ̀gbẹ́ni ti Houston, ìṣísẹ̀ díẹ̀ ló wà láàárín sọ́kàwéè tuntun náà àti kànga tí ìdílé mẹ́ta ń pọn mu. Ìwé àyẹ̀wò tí wọ́n gbé fún un sì sọ pé gbogbo rẹ̀ wà bó ṣe yẹ. Kọ́lẹ́rà àti ibà jẹ̀funjẹ̀fun ni irú omi bẹ́ẹ̀ ń fà, ọmọ àwọn tí kò mọwọ́mẹsẹ̀ ló sì máa ń kọ́kọ́ mú.

Ohun tí ẹgbẹ́ wa ti fẹnu kò sí, tí mo sì ń bẹ̀ yín kí ẹ máa ṣe, kò nira. Owó tó bá jẹ́ ti ìjọba, ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ san án sí àkáǹtì ìjọba, lẹ́yìn tí ọ́fíìsì bá ti kọ iye rẹ̀ fún yín, kí rísíìtì sì jáde ní orúkọ yín. Ẹ má ṣe fi rán púlọ́ńbà, ẹ má sì ṣe fi rán ẹni tó ní òun mọ ọ̀gá. Bí wọ́n bá gbé ìwé àṣẹ kankan fún yín, ẹ gbé ẹ̀dà rẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì tí orúkọ rẹ̀ wà lórí rẹ̀, kí wọ́n wá nọ́ńbà náà nínú ìwé àkọsílẹ̀ wọn. Ẹ jẹ́ kí ẹni tí yóò yẹ iṣẹ́ wò jẹ́ ẹni tí púlọ́ńbà kò mú wá, bó tilẹ̀ jẹ́ onímọ̀ ẹ̀rọ tí ẹ sanwó fún lọ́tọ̀. Kí ẹ sì dá apá kan owó iṣẹ́ dúró sọ́wọ́ títí géèjì yóò fi fi hàn pé kò jò. Àwọn kan ń sọ pé irú nǹkan báyìí ń fi àkókò ṣòfò, pé kí a kàn wá ẹni tó lè bá wa sáré ṣe é. N kò gbà pẹ̀lú wọn rárá. Owó tí màmá yá láti fi sáré ṣe é, wọ́n ṣì ń san án lọ́wọ́, wọ́n sì tún ní láti wá owó mìíràn tí wọ́n máa fi fọ́ ògiri.

Òfin tó de gbígba owó lọ́nà ẹ̀tàn, ti ọdún 2006, sọ pé ẹni tí wọ́n bá dá lẹ́bi yóò lọ sẹ́wọ̀n ọdún méje ó kéré tán, tí ó sì lè tó ogún ọdún, kò sì sí pé kó san owó ìtanràn dípò rẹ̀. Nítorí náà, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ọ̀rọ̀ kékeré ni, tàbí pé kí ẹ jẹ́ kí a parí rẹ̀ nílé. Ẹ lọ sọ ọ́ ní tèṣàn ọlọ́pàá tó sún mọ́ yín. EFCC, àjọ tó ń gbógun ti jìbìtì owó, náà ní ọ́fíìsì ní Ìbàdàn fún ẹni tó bá fẹ́ kọ̀wé sí wọn.

Ohun tó mú kí n tètè kọ èyí ni pé ọkùnrin náà ti gbọ́ pé àwọn ìwé kan ti bọ́ sí ọwọ́ ẹgbẹ́ wa. Ó ti ń lọ láti ilé dé ilé báyìí, ó ń sọ fún àwọn èèyàn pé ìjọba ti pààrọ̀ ìwé, kí wọ́n kó ti àtijọ́ fún òun kí òun lè bá wọn gba tuntun. Ẹni tí ìwé náà bá wà lọ́wọ́ rẹ̀, kó má ṣe dá a padà fún un. Ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀, ẹ tọ́jú ojúlówó, ẹ ya àwòrán àtẹ̀jíṣẹ́ báńkì tó fi hàn pé owó kúrò ní àkáǹtì yín, ẹ kọ ọjọ́ tó wá àti nọ́ńbà fóònù tó fi pè yín sílẹ̀, kí ẹ sì kó gbogbo rẹ̀ lọ bá ọlọ́pàá pẹ̀lú akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé àdúgbò yín.